Bí Mo Ṣe Pọn Oyún Ọlọ́gbọ̀n Ọdún Wá Sílé

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin ará ilé mi, àti ẹ̀yin àlejò tí mo tẹ́ ẹní fún lónìí. Ẹ mu omi yín tán kí n tó lanu, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́. Èmi Ọdẹ́rìnlọ tí ẹ ń wò bí arúgbó tó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀ yìí, ẹfọ̀n ti pàdé mi rí lójú ọ̀nà tóóró, òun ló yà fún mi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ẹfọ̀n. Mo ti rìn nínú igbó tí òjò ibẹ̀ ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè, mo sì ti sùn lórí òkè kan tó yí padà lóru tó ní kí n má ta òun nípàá mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, eré ni. Ìrìn kan ṣoṣo ló wà tí mo rìn tí ẹ̀rù bà mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àwẹ̀ró, ni agbẹ̀bí ìlú yìí nígbà náà. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú, ọwọ́ rẹ̀ náà ló sì gba ìdajì ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí ara yín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan tó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ yọ láti inú igbó, ewéko ti hù sí èjìká rẹ̀. Ó kí ẹ̀gbọ́n mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá ní: “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, aboyún kan wà nílùú wa tí kò ní agbẹ̀bí. Ẹ bá wa débẹ̀ díẹ̀.” Agbẹ̀bí kì í kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró rọ epo sínú ìgò, ó mú kànìnkànìn àti ọṣẹ, ó ní òun yóò ti dé kí a tó gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀. Oṣù lé, ó wọ̀, òmíràn tún lé, a kò rí Àwẹ̀ró.

Bẹ́ẹ̀ ni oyún Ìyádùnní, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí, ti wọ oṣù ìbí. Ìyá arúgbó kan tó máa ń ran Àwẹ̀ró lọ́wọ́ fọwọ́ wá ikùn rẹ̀ wò, ó sì pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, “Ọdẹ, ọmọ yẹn dábùú sínú. Èmi ò lè yí i. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń yí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti wọ igbó lọ. Bí ìyá rẹ̀ ò bá dé, ẹ máa múra àtisin ẹni méjì.” Mo wọlé lọ bá ọmọ náà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bàbá ọdẹ, ẹ má jẹ́ kí n kú láìrí ìyá mi.” Mo ní, “Bí ìyá rẹ bá wà láyé, n ó mú un wá. Bí kò bá sí láyé, n ó béèrè ibi tó wà, n ó sì lọ bá wọn jà níbẹ̀.” Mo gbé ìbọn bàbá mi kọ́ èjìká, mo bọ́ sọ́nà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ẹsẹ̀ ẹni gíga ọ̀hún kò nira láti tọ̀. Ó ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbin ara rẹ̀ síbẹ̀, èéhù ewé sì ti yọ nínú gbogbo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tọ̀ ọ́ títí mo fi gbọ́ ariwo kan tó ju ti ọjà ìpàdé ọ̀nà lọ. Ìlú Ọ̀wàrà ni mo dé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ! Ọmọ lórí igi, ọmọ lábẹ́ òkúta, ọmọ nínú agbọ̀n, ọmọ lórí ọmọ. N kò rí ibi tí n ó fi ẹsẹ̀ sí. Arúgbó obìnrin kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìkọ́, fi ọ̀pá dá mi dúró.

Ó ní, “Ọmọdé, ẹ̀ẹ̀mélòó lo ti jẹ iṣu tuntun?”

Mo ní, “Ìyá, ó ti lé lógójì.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Irọ́ rẹ gùn ju irùngbọ̀n rẹ lọ. Èmi ni àgbà ìlú yìí, mo ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin! Bí orí rẹ bá pé, já àlọ́ yìí kí o tó kọjá: kí ló ń kún lójoojúmọ́ tí kì í kún?”

Mo wo yíká. Mo rí àwọn obìnrin tó ń bí méje-méje láàárín ọjà kan sí èkejì, mo rí ọmọge tó lóyún nígbà tí eyín rẹ̀ kò tíì pé, mo sì rí òkè ilẹ̀ tútù lẹ́yìn ìlú, ibi tí wọ́n ń sin àwọn tó ń lọ. Mo ní, “Ìyá, ìlú yín ni.” Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́bàá odò wọn, ọmọ kan yọ̀ ṣubú sínú omi. Kò sẹ́ni tó yíjú. Mo ké, mo ní ọmọ ń lọ o, ọkùnrin kan sì dá mi lóhùn pé ṣé mi ò rí àwọn tó kù ni. Mo bẹ́ sódò tìbọn-tìbọn, mo fà á yọ, mo sì ń béèrè ìyá rẹ̀ kiri. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń fún mẹ́ta lọ́mú ní ó jọ pé tòun ni. Ó ní, “Kí lo fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe? Bó bá dọ̀la, òmíràn á dé.” Ẹ gbọ́ mi, inú bí mi dé góńgó. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ní ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé òṣì lè wọ ojú débi tí ìyá kò ní rí ọmọ. Mo kó àwọn mẹ́ta kúrò láyà rẹ̀, mo gbé ẹyọ kan yẹn lé e lẹ́sẹ̀, mo ní, “Wò ó lójú!” Ó wò ó. Ọmọ náà pọ omi díẹ̀, ó di ìka rẹ̀ mú. Obìnrin náà fà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó bi mí pé, “Àwọn tó ti lọ ńkọ́? Ṣé báyìí ni gbogbo wọn rí?”

Títí dòní ni mo ń rò ó bóyá oore ni mo ṣe fún obìnrin yẹn, àbí ìkà. Nígbà tó sunkún tán, ó gbé ọmọ náà pọ̀n, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí gúúsù. Ó ní àwọn gíga tí ewé ń hù lára wọn máa ń gba ọ̀hún kọjá, pé ìyá òun rí ọ̀kan tó ń bọ̀, òun náà sì rí ọ̀kan náà tó ń kọjá lọ. Mo yà síbẹ̀.

Ìlú tó wà lójú ọ̀nà yẹn, Arọ́pò lorúkọ rẹ̀. Ó mọ́, ó dákẹ́, ìjókòó kọ̀ọ̀kan wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Iye tí wọ́n jẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ ni iye tí wọ́n jẹ́ dòní: bí ẹnì kan kò bá kú, ẹnì kan kò lè wáyé. Aboyún tí oyún rẹ̀ pé kò lè rọbí àfi kí àgbà kan gba ọ̀run lọ, nítorí náà gbogbo arúgbó ìlú náà ló ní aboyún tó jókòó tì í, tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀kan bi bàbá kan pé, “Bàbá, ara ńkọ́?” Bàbá ní, “Ara le koko.” Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní, “A dúpẹ́.”

Wọ́n gbà mí bí ọba. Aboyún mẹ́ta gbé ọbẹ̀ ẹran ìgalà wá fún mi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ nínú ara mi pé òkìkí mi ti kan ibí. Mo ti bu òkèlè àkọ́kọ́ nígbà tí bàbá tó le koko yẹn sọ̀rọ̀ lábẹ́ eyín rẹ̀ pé, “Ọdẹ, má jẹ ẹ́. Bí àlejò bá kú síbí, a máa ń ka òkú rẹ̀ mọ́ tiwa.”

Mo ní, “Bàbá, kí ló mú yín sọ fún mi?”

Ó ní, “Bí o bá kú, ọmọ yìí á bímọ tirẹ̀ lónìí. Ta ni yóò wá máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi lọ́la?”

Mo da ọbẹ̀ nù, mo sá. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ ṣùtì, ẹ gbọ́: ọdẹ tó sá ló ń délé wá sọ̀tàn. Àwọn aboyún yẹn fi odó àti ọmọ odó lé mi, inú wọn ń ṣáájú wọn. Ọdẹ kì í yìnbọn sí aboyún, ìbáà ṣe ẹranko, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ènìyàn. Ọmọ odó kan gba etí mi kọjá, mo gbọ́ bó ṣe ń súfèé. Mo fo odi wọn, mo já sínú ẹ̀gún, n kò dúró yọ ẹyọ kan.

Òpin ẹ̀gún yẹn ni ìlú Ẹ̀sọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn gíga ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n kéré níye, kò sì sí ohùn ọmọ kankan níbẹ̀. Olórí wọn, Baba Kò-tíì-yá, kí mi láti ìgbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀ títí òrùn fi dé àtàrí. Mo ní, “Baba, ẹ ṣeun, agbẹ̀bí tí ẹ mú ní ìlú wa, ìgbà wo lẹ ó dá a padà?”

Ó ní, “Kò ní pẹ́.”

“Kò ní pẹ́ bíi báwo?”

Ó nawọ́ sí ìrókò kan tí èmi àti ẹni mẹ́ta kò lè fọwọ́ gbá yíká. Ó ní, “Ọjọ́ tí mo gbin èyí ni a bí ọmọ gbẹ̀yìn nílùú yìí. Oyún tiwa kì í ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ díẹ̀ sí i, ó ti bí nìyẹn.”

Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, n kò rí ìkà kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ayé bí òkúta ní kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó díẹ̀, ọgbọ̀n ọdún sì ni díẹ̀ lójú rẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun jí ènìyàn gbé.

Wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró. Ó jókòó ti obìnrin gíga kan tí ikùn rẹ̀ kò tíì ju igbá kékeré lọ, Ìfarabalẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo sọ ti Ìyádùnní, ẹ̀gbọ́n mi dìde wuya, ó gbé ìgò epo rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Ó bú sẹ́kún. Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, “Àjàgbé, mo ti gbọ́wọ́ lé e.”

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ní ìdílé wa, agbẹ̀bí tó bá ti fi epo pa ikùn aboyún kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ títí yóò fi bí. Bó bá fi í sílẹ̀, ikùn tó bá tún fọwọ́ kàn, ọmọ inú rẹ̀ kì í wáyé. Ẹ ò rí i? Bí Àwẹ̀ró bá dúró, ọmọ rẹ̀ á kú. Bó bá sá lọ, ọwọ́ tó fẹ́ fi gba ọmọ rẹ̀ là náà ni yóò pa á. Mo ní kí n fi ọwọ́ tèmi dípò tirẹ̀. Ó fi omijé wò mí, ó ní, “Ọwọ́ tó ń pa ẹran? Àjàgbé, ọwọ́ agbẹ̀bí ló lè gba ikùn lọ́wọ́ agbẹ̀bí.”

Mo jókòó sílẹ̀, mo gbórí sọ́wọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé èèwọ̀ ní kí ọwọ́ má fi ikùn sílẹ̀. Ikùn ńkọ́? Ta ló so ikùn mọ́lẹ̀? Mo fò dìde, mo lọ bá Baba Kò-tíì-yá. Mo ní, “Baba, ẹ jẹ́ kí Ìfarabalẹ̀ bá wa lọ sílé. Ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí rẹ̀ ni yóò máa gbé títí yóò fi bí. Èmi Ọdẹ́rìnlọ ni yóò máa bọ́ ọ, bí mo bá kú, ìdílé mi á máa bọ́ ọ.”

Gbogbo ìlú mí ìmí kan ṣoṣo. Baba ní, “Oyún kan ṣoṣo tí a ní? A ó rò ó.”

“Ìgbà wo lẹ ó rò ó tán?”

“Ọdún méje tó, bí a bá yára.”

Ibẹ̀ ni mo ti gbàgbé ọ̀wọ̀. Mo ní, “Baba! Ọmọbìnrin kan ń kú lọ nílé! Kí ẹ tó jókòó láti rò ó, ilẹ̀ á ti gbẹ lórí sàárè rẹ̀!” Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ẹyẹ tó ń ké. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló dá mi lóhùn. Ìfarabalẹ̀ gbé ọwọ́ lé ikùn, ó dìde, ó sì bi wọ́n pé, “Nínú gbogbo yín, ta ló ti rí ìbímọ rí?”

Baba ní ìdí ìrókò lòun wà lọ́jọ́ tí a bí ti ìkẹyìn; ìyá òun sọ pé òun rí ọ̀kan, ṣùgbọ́n òkèèrè ló ti wò ó.

Ìfarabalẹ̀ ní, “Ẹ̀rù ń bà mí. Ojoojúmọ́ ni ẹ ń sọ fún mi pé n ó bí, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi bó ṣe ń rí. Obìnrin kan fẹ́ bí nísinsìnyí. Mo fẹ́ lọ wò ó.”

Baba wo ìbọn tó wà léjìká mi. Ó wá ní kí n fi ohun tí n kò lè gbàgbé sílẹ̀ ní ìdógò. Mo bọ́ ìbọn bàbá mi léjìká, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi mí ìdí tí n kò fi yìnbọn mọ́, ẹ ti gbọ́.

A jáde, ìgbésẹ̀ Ìfarabalẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, mo wẹ̀yìn, mo fẹ́ẹ̀ sùn kó tó gbé èkejì. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gorí ẹ̀yìn mi.” Mo pọ̀n ọ́n! Ẹ̀yin ènìyàn, obìnrin tó ga bí ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ níhà méjèèjì mi, èmi ń sáré, ẹ̀gbọ́n mi ń sáré lẹ́yìn mi, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Egungun ẹ̀yìn mi tó wọ́ yìí, ọjọ́ yẹn ló wọ́. Nígbà tí a dé Arọ́pò, mo ti ń wo ibi tí a ó gbà sá, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí odi rí ikùn lára Ìfarabalẹ̀, ó figbe ta pé, “Oyún àjèjì! Ẹ má jẹ́ kó wọlé o, ta ni yóò kú fún un?” Gbogbo arúgbó ìlú náà ló kọ́kọ́ sáré ti ilẹ̀kùn, pẹ̀lú gbogbo ara líle wọn. A kọjá lọ ní tiwa.

Ọ̀sán gangan ni a dé. Ìyádùnní ti ń rọbí, ohùn rẹ̀ ti há. Àwẹ̀ró kò tilẹ̀ dúró mí. Ó fọ ọwọ́, ó da epo sí i, ó ní, “Ìyá rẹ ti dé, Ìyádùnní. Má tíì fi agbára tì í.” Ìfarabalẹ̀ jókòó tì wọ́n, ó ń wò; èmi wà lẹ́yìn ògiri, mo ń gbàdúrà sí gbogbo ohun tí mo mọ orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju ìkíni ìlú Ẹ̀sọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ké. Mo jókòó sílẹ̀ nínú eérú, mo sunkún bí ọmọ náà ṣe ń sunkún.

Ọmọbìnrin ni. Àrìnpé la sọ ọ́, nítorí a rìn, a sì bá gbogbo wọn pé.

Ìfarabalẹ̀ ń gbé yàrá tí òrùlé rẹ̀ ga yẹn láti ìgbà náà. Àrìnpé dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ ìyá ìyá rẹ̀, kò sì sí ọwọ́ tó dà bí tirẹ̀ ní àgbègbè yìí lónìí. Nígbà òjò tó kọjá, tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé òun ń lọ, ó ní kí a gbé òun dé ibi ikùn náà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e, ó ní kí Àrìnpé gbé tirẹ̀ lé orí tòun, lẹ́yìn náà ló rọra fa tirẹ̀ yọ nísàlẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò bá a láyé. Ìfarabalẹ̀ ṣì ń béèrè ohun tí Àwẹ̀ró ń kánjú lé.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ àlàárì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ níbẹ̀ yẹn, ìwọ tí àwọn ènìyàn rẹ ti ń sọ láti àárọ̀ pé ẹ wá fẹ́ Àrìnpé, pé ẹ fẹ́ mú un lọ sí ìlú yín lẹ́yìn odò, n kò kọ̀ ọ́. O dára lójú mi, ọmọ náà sì fẹ́ràn rẹ, mo ti rí i bó ṣe ń yọjú. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́wọ́ lé ikùn, ikùn náà sì ku ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn mi kò lè pọn ìyá yẹn kọjá odò mọ́. Bí o bá fẹ́ Àrìnpé, ibí ni ẹ ó gbé.

Háà, o ti dìde. Ṣé o ń bínú lọ ni, àbí ẹrù rẹ lo fẹ́ lọ kó wá?